Ọmọ Àgbẹ̀ tí ó Fi Kálámù Jà: Ìtàn Ìgbésí Ayé William Cobbett

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onílẹ̀ àti àwọn ọlọ́lá ni ó ń yan àwọn tí ń ṣe òfin. Ní ti àwọn tálákà tí ń ro oko, tí ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń kú lójú ogun, kò sí ohun tí ó kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìlú ju pé kí wọ́n san owó-orí, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Bí ìwé ìròyìn bá bá ìjọba wí, ẹni tí ó kọ ọ́ lè di ará ẹ̀wọ̀n. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ kan ti dìde. Kò lọ sí ilé-ìwé gíga kankan, kò sì ní ẹbí ọlọ́rọ̀. Ọmọ-ogun lásán ni ó jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Síbẹ̀ ó di ẹni tí àwọn mìnísítà ọba ń bẹ̀rù. Orúkọ rẹ̀ ni William Cobbett.

A bí Cobbett ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1763 ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Farnham, ní agbègbè Surrey, ní apá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alágbàṣe ni baba rẹ̀ àgbà, oko olóko ni ó sì ń ro jẹun. Baba rẹ̀ sàn díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé ó ní oko kékeré tirẹ̀ àti ilé-ọtí kan tí àwọn èrò ń yà sí. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni ó bí. Kò sí owó tí yóò fi rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lórúkọ, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dínkù.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Iṣẹ́ tí Cobbett kọ́kọ́ ṣe láyé ni kí ó máa lé àwọn ẹyẹ tí ń ṣa irúgbìn jẹ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ó bá gbé àpò oúnjẹ rẹ̀ kọ́ èjìká, agbára káká ni ó fi ń gun igi tí a fi ṣe ẹnu-ọ̀nà oko kọjá. Nígbà tí ó dàgbà sí i, ó ń tu koríko, ó ń fa ẹṣin lẹ́nu iṣẹ́, títí ó fi di ẹni tí ó lè di ohun ìtúlẹ̀ mú tí ẹṣin ń fà.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà òdòdó bíṣọ́ọ̀bù kan ní Farnham. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìròyìn ọgbà ọba tí ó wà ní Kew nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kejì ó gbéra, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Nígbà tí ó fi máa súnmọ́ ibẹ̀, owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju tọ́rọ́ kan lọ. Ebi sì ń pa á. Bí ó ti ń kọjá, ó rí ìwé kékeré kan lójú fèrèsé ilé ìtàwé, tọ́rọ́ sì ni iye rẹ̀. Ìwé kan tí Jonathan Swift kọ ni. Ọmọ náà ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn: bí ó bá ra ìwé, kò ní jẹun alẹ́. Ó ra ìwé náà. Ó jókòó sí ìdí òkìtì koríko gbígbẹ, ó ń kà á títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ náà ni ó sì sùn sí. Ìwé yìí ni ó kọ́kọ́ ṣí i lójú pé ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ lè mú bí idà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1783, ó wọ aṣọ ọdẹ́ rẹ̀, ó ń lọ sí ibi àjọ̀dún kan ní Guildford. Lójú ọ̀nà ni ó ti rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ń kó èrò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fò gùn ún. Ó ṣe akọ̀wé fún lọ́yà kan fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn yàrá òkùnkùn tí ó ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní ọdún 1784 ó lọ sí Chatham láti wọ iṣẹ́ àwọn ọmọ-ogun orí omi. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹrìnléláàádọ́ta ni ó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Owó ọ̀yà ọmọ-ogun nígbà náà kò ju sísì kan lọ lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n bá yọ owó oúnjẹ àti ti ohun èlò kúrò, kọ́bọ̀ méjì péré ni ó máa ń kù fún ọmọ-ogun kan lọ́sẹ̀. Nínú kọ́bọ̀ méjì yìí ni Cobbett ti ń ra tákàdá, kálámù àti tàdáwà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ra ìwé gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì kan, ó da gbogbo rẹ̀ kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kọ́ ọ sórí, ó sì ń kà á lákàtúnkà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi í ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ibùdó. Àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpótí ìwé rẹ̀; pákó kan tí ó gbé lé itan ni tábìlì rẹ̀. Kò ní àǹfààní láti ra fìtílà, iná tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ni ó ń fi ka ìwé, ariwo àti ẹ̀rín wọn kò sì jẹ́ kí etí sinmi. Ní ọjọ́ kan ó tọ́jú eépìnnì kan, èyí tí í ṣe ìlàjì kọ́bọ̀, pé òun yóò fi ra ẹja gbígbẹ jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó bọ́ aṣọ ní alẹ́, tí ebi ń pa á kíkankíkan, ó rí i pé eépìnnì náà ti sọnù. Ó fi aṣọ ìbora bojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n kò tà kálámù rẹ̀ jẹun.

Ìyà tí ó fi kọ́ ìwé kò ṣòfò. Ní ọdún 1785 wọ́n kó wọn lọ sí New Brunswick, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kánádà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Cobbett ṣe sájẹ́ǹtì-méjọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ọgbọ̀n sájẹ́ǹtì ni ó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó gbé e ga ni pé ó mọ̀wé, kì í mutí, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Gbogbo ìwé ẹgbẹ́ náà, àti ti owó àti ti oúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá. Bí ó ti ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí ni ojú rẹ̀ là sí ohun búburú kan. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ń jí nínú owó àti oúnjẹ àwọn ọmọ-ogun. Wọ́n kọ iye kan sílẹ̀, iye mìíràn ni wọ́n ń pín. Ọmọ-ogun tí kò mọ̀wé kò lè mọ iye tí ó tọ́ sí i. Èyí tí ó sì mọ̀ kò gbọdọ̀ wí, nítorí pé pàṣán ni èsì tí yóò gbà.

Cobbett kò wí nǹkan kan. Ó da àwọn ojú ìwé náà kọ níkọ̀kọ̀, ó sì tọ́jú wọn. Ní òpin ọdún 1791 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ó sì fi àwọn ọ̀gá mélòó kan sùn. Ní oṣù kejì ọdún 1792, kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Ann Reid ní ìyàwó, ọmọ sájẹ́ǹtì kan tí ó ti bá pàdé ní New Brunswick. Ọmọbìnrin yìí ti ṣáájú rẹ̀ padà sí ilé, Cobbett sì ti fi owó wúrà 150 gíní lé e lọ́wọ́, gbogbo ohun tí ó tù jọ láyé rẹ̀. Nígbà tí ó dé, iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó bá a tí ó ń ṣe fún pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún. Kò ná eépìnnì nínú owó náà, ó kó gbogbo rẹ̀ fún un padà.

Wọ́n yan ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún náà fún ilé-ẹjọ́ àwọn ológun. Ṣùgbọ́n Cobbett rí i pé wọn kò fi àwọn ìwé ẹgbẹ́ náà pa mọ́ sí ibi tí ọwọ́ àwọn olùjẹ́jọ́ kò lè tó. Ó tún gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí èké tí yóò sọ pé ó ti sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ sí ọba. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá náà láre. Báyìí ni ọmọ-ogun tí ó gba òtítọ́ gbọ́ ṣe kọ́ pé òtítọ́ nìkan kò tó, bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí a fẹ̀sùn kàn ni ó ń ṣọ́ ìwé ẹ̀rí.

Ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Faransé rọgbọ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní ìlú Philadelphia, Cobbett ń kọ́ àwọn ará Faransé tí ó sá wá síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ìròyìn. Ohun tí ó lè ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbèjà ní gbogbo àkókò yìí. Bí àwọn ènìyàn ti ń bú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ létí rẹ̀ kò bá a lára mu, ó sì ń fi kálámù gún wọn bí ẹ̀gún. Kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dá ọ̀rọ̀ dúró sí. Dókítà Benjamin Rush pè é lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìbanijẹ́, ilé-ẹjọ́ sì ní kí ó san dọ́là 5,000. Ní ọdún 1800 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn mìnísítà gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún un ní ìwé ìròyìn ìjọba kí ó máa darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń jẹ lọ́wọ́ ènìyàn kò lè bá a wí. Ní oṣù kìíní ọdún 1802 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó pè ní Political Register, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba ni ìwé yìí ń gbè lẹ́yìn. Ohun tí ojú Cobbett rí ni ó yí i padà. Ó ra oko ní Botley, ó sì rí i pé àwọn alágbàṣe oko ti tòṣì ju bí ó ti mọ̀ wọ́n nígbà èwe rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1806 ó lọ wo ìdìbò ní ìlú Honiton, ó bá àwọn olùdìbò tí ń ta ìbò wọn bí ẹni ń ta ẹran lọ́jà. Nígbà tí ó wádìí owó ìjọba, ó rí orúkọ àwọn ọlọ́lá tí ń gba owó oṣù lórí iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i. Bí àwọn ọ̀gá ti ń ṣe owó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ńlá-ńlá ń ṣe owó ìlú. Kìkì pé ìwé owó ti ìlú tóbi ju ti ẹgbẹ́ ogun lọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ké fún òmìnira. Ó ní kí a jẹ́ kí àwọn ọkùnrin tí ń san owó-orí máa yan àwọn tí yóò ná owó náà. Ó ní kí ìjọba dín owó tí ó bù lé ọṣẹ, àbẹ́là, iyọ̀ àti awọ kù, nítorí pé tálákà ni ó ń san án jù. Ó lòdì sí gbèsè tí ìjọba ń jẹ àti owó bébà tí báǹkì ń tẹ̀ jáde láìsí wúrà lẹ́yìn rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní kí olúkúlùkù lè kọ èrò ọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Síbẹ̀ kò sọ pé kí a pa aláìní tì: ó gbà pé ẹni tí ó ti fi agbára rẹ̀ ro ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ lórí ilẹ̀ náà nígbà àìsàn àti ogbó.

Ní ọdún 1809, àwọn ọmọ-ogun ìbílẹ̀ kan ní ìlú Ely ké gbàjarè nítorí pé wọ́n yọ owó àpò ẹ̀yìn nínú owó wọn. Àwọn aláṣẹ kó àwọn ọmọ-ogun Jámánì tí ń sin ọba Gẹ̀ẹ́sì wá láti ká wọn lọ́wọ́ kò, wọ́n sì dá ẹgbẹ̀rún-dín-lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pàṣán, èyíinì ni 500, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn aṣáájú márùn-ún. Cobbett, tí ó ti gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ rí, kò lè dákẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó gbóná sínú ìwé rẹ̀. Ìjọba gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 1810 wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n Newgate fún ọdún méjì, wọ́n sì bu £1,000 lé e. Láti inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti ń kọ ìwé ìròyìn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti oko, ó ń fèsì, ó sì ń ti ipa bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ogun Faransé parí ní ọdún 1815, ebi àti àìríṣẹ́ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Owó òǹtẹ̀ tí ìjọba bù lé ìwé ìròyìn mú kí ẹ̀dà kan ìwé Cobbett lé ní ṣílè kan, èyí tí alágbàṣe kò lè rà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1816 ó dá ọgbọ́n kan. Ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí tákàdá ẹlẹ́wé kan ṣoṣo, kò fi ìròyìn sí i, kí òfin òǹtẹ̀ má baà mú un, ó sì ń tà á ní kọ́bọ̀ méjì. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pè é ní pàǹtírí olókọ́bọ̀-méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń rà á. Ní ilé-ọtí àti ilé iṣẹ́, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ń kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀rù ba ìjọba. Ní ọdún 1817 wọ́n fún ara wọn ní àṣẹ láti máa ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Cobbett mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ó tún sá lọ sí Amẹ́ríkà.

Lórí oko kan ní Long Island ni ó ti kọ ìwé gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1818. Ó kọ ọ́ ní ọ̀nà lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ James, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé fún àwọn ọmọ-ogun, àwọn atukọ̀, àwọn ọmọṣẹ́ àti àwọn ọmọ tí ń túlẹ̀ ni. Nígbà tí ó ń wá àpẹẹrẹ àṣìṣe, inú ọ̀rọ̀ ọba àti ti àwọn ọlọ́lá ni ó ti mú un. Ó fẹ́ kí tálákà mọ̀ pé kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú èdè àwọn aláṣẹ tí òun kò lè kọ́. Ní ọdún 1819 ó padà wá sí ilé, ó sì kó egungun Thomas Paine dání, òǹkọ̀wé òmìnira tí ó ti kú sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1809. Cobbett fúnra rẹ̀ ti bú Paine bí ẹni láyin nígbà kan; ó fẹ́ fi sàréè tí ó lọ́lá tọrọ àforíjì. Kò ṣeé ṣe, àwọn egungun náà sì sọnù lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Cobbett tí ń ké fún òmìnira àwọn alágbàṣe Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn Júù. Ó fi William Wilberforce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jà kí òwò ẹrú lè tán ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àánú ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ní, wọn kò rí ebi tí ń pa ará ilé. Ní ọdún 1821, ọdún náà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gun ẹṣin káàkiri láti wo ìyà àwọn ará oko, ni ogun kó ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, tí wọ́n sì tà á títí ó fi dé etí òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, nípa agbára òfin tí Wilberforce àti àwọn tirẹ̀ jà fún títí ó fi di òfin ní ọdún 1807. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bí ó bá jẹ́ pé Cobbett ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, a kò mọ ibi tí Àjàyí ìbá kú sí.

Ìrìn-àjò orí ẹṣin náà ni ó di ìwé Rural Rides, tí ó jáde ní ọdún 1830, tí a sì ń kà títí di òní. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn alágbàṣe oko dìde ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà, tí wọ́n sì ń dáná sun àká. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ Cobbett ni ó tì wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 1831 wọ́n tún gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjìlá tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà kò lè fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ní ọdún 1832 òfin tuntun fi àwọn olùdìbò kún àwọn ti àtijọ́, àwọn ará ìlú Oldham sì yan Cobbett sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọmọ tí ń lé ẹyẹ lóko wá jókòó láàrin àwọn ọmọ olóyè. Ní ọdún 1834 ó tako òfin tí ó fẹ́ kó àwọn aláìní sínú ilé iṣẹ́ líle kí wọ́n tó lè rí oúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fara mọ́ òfin náà pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1835 ó kú nínú oko rẹ̀, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Farnham, níbi tí a gbé bí i, ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé Cobbett kò ṣòro láti rí. Iṣẹ́ ogun fún un ní ojú tí ó fi rí ìrẹ́jẹ, ìwé kíkà sì fún un ní ẹnu tí ó fi sọ ọ́. Ó san owó ìtanràn, ó sun ẹ̀wọ̀n, ó sì sá kúrò nílùú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ kò tà kálámù rẹ̀ fún ìjọba. Àṣìṣe rẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀kọ́: ẹni tí ó bá ń jà fún òmìnira ará ilé rẹ̀, tí ó sì ń fi ìdè ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Ohun tí ó tọ́ sí ọmọ àgbẹ̀ Farnham tọ́ sí ọmọ àgbẹ̀ Òṣogùn pẹ̀lú.